Hàrúnà Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ àti Ọtí Pupa Òyìnbó

Bí ẹ bá dárúkọ Hàrúnà lásán ní Ìlọrin láyé ìgbà yẹn, wọn á bi yín pé Hàrúnà wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kún un, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn, wọn á sì wá àpótí fún yín, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í sọ ìtàn Hàrúnà Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé ọtí pupa síwájú òyìnbó àgbà ni wọn yóò sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kẹtàdínlógún tí reluwé dé Ìlọrin ni. Hàrúnà, ọmọ Gàmbàrí tí Yorùbá rẹ̀ dùn ju ti ọmọ Ọ̀yọ́ lọ, ló ń gbé oúnjẹ síwájú òyìnbó kan tó wá ń la ọ̀nà. Òyìnbó náà ga débi pé ó máa ń tẹ̀ kó tó wọ ilé ara rẹ̀, ìyẹn làwọn èèyàn fi ń pè é ní Òyìnbó Gígùn. Ó fẹ́ ṣe afárá kan sórí odò Asà, nítorí pé lọ́dọọdún tí òjò bá ti le, odò náà a máa gbé èèyàn lọ tòun ti ẹrù orí wọn. Ó ti kọ ìwé rẹ̀, ó ti ya àwòrán rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ọ̀gá rẹ̀ láti òkè Ọya fọwọ́ sí i, ọ̀gá náà sì ń bọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá yìí ni wọ́n ń pè ní òyìnbó àgbà. Ọtí pupa ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ń tà nílùú wọn. Ó ti rin ilẹ̀ Haúsá já láì rí ẹni tó gbé ọtí náà fún un bó ṣe yẹ. Wọ́n ní nílùú kan, ó mu ẹnu kan péré, ó gbé ife kalẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi gun ẹṣin rẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀ nílùú náà, orí tábìlì ló fi í sí láì fọwọ́ sí i.

Òyìnbó Gígùn kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun. Ó ní ìwé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe àlejò, ìwé náà sì sọ pé ọtí pupa kò gbọdọ̀ tutù, kó gbóná tó yàrá tí a ó ti mu ún ni. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ ló ti ní kí Hàrúnà gbé igò méjì sórí tábìlì ní pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, páànù sì ni wọ́n fi bo ilé náà. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, bọ́tà inú àwo ti ń ṣàn.

"Bàtúrè," Hàrúnà wí ní èdè Haúsá, èdè tí àwọn méjèèjì fi ń gbọ́ ara wọn, "ọtí yìí ń gbóná jù."

"Bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án."

Hàrúnà fọwọ́ kàn án. Ó fi igò kan sílẹ̀ lórí tábìlì, ó gbé èkejì lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì rì í sínú àmù omi kan tó wà lábẹ́ igi. Láníyọnu tó jẹ́ kúkù ilé náà rí i. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Láníyọnu, ó ti ń dáná fún òyìnbó l'Ékòó kí Hàrúnà tó mọ fọ́ọ̀kì yàtọ̀ sí òòyà.

"Hàrúnà," ó ní, "iṣẹ́ rẹ lo ń rì sómi yẹn o."

"Ọtí ni mo rì sómi," Hàrúnà dá a lóhùn. "Iṣẹ́ mi ló wà lórí tábìlì tó ń jóná."

Òyìnbó àgbà dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Èèyàn kúkúrú ni, ó sanra, ó sì ń fi aṣọ nu ọrùn rẹ̀. Wọ́n jẹ ọbẹ̀, wọ́n jẹ ẹran. Òyìnbó Gígùn fọwọ́ ara rẹ̀ da ọtí sínú ife láti inú igò orí tábìlì. Àlejò gbé e sẹ́nu, ó wo inú ife bí ẹni tó rí eṣinṣin níbẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tí a jẹ dára," ó ní. "Ọbẹ̀ kejì yìí ló gbóná jù."

Òyìnbó Gígùn tó ti funfun tẹ́lẹ̀ wá funfun sí i. Ó ti ń wo afárá rẹ̀ bó ṣe ń bá odò lọ. Ìgbà náà ni Hàrúnà jáde wá láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó fi aṣọ funfun gbé igò kejì dání. Níwájú gbogbo wọn, ó gbé igò náà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó di ojú, ó dúró bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí igò ń sọ fún un. Ó mi orí pé ó ti ṣe. Ó nu igò, ó sì da ọtí sínú ife tuntun.

Òyìnbó àgbà mu ún. Ó tún un mu. Lẹ́yìn náà ló yọ gíláàsì tín-ín-rín kan látinú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ooru, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú ife. Láníyọnu ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Mẹ́rìndínláàádọ́rin," òyìnbó àgbà wí, ní ìwọ̀n Fárẹ́náìtì tí wọ́n ń lò nígbà náà. Láníyọnu kò mọ̀ bóyá iye tó dára ni àbí iye tí wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò níṣẹ́.

Òyìnbó àgbà yíjú sí Hàrúnà, ó sì fi Haúsá bi í pé, "Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni, Bàtúrè."

"Ìwọ náà a máa mu ún nìyẹn."

"Rárá o. Mùsùlùmí ni mí. N kò fi kan ahọ́n rí."

"Báwo lo wá ṣe mọ ìgbà tó dára?"

"Ojú ẹni tó ń mu ún ni mo máa ń wò. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti ń wojú. Bó bá gbóná jù, ẹ ó sáré gbé e mì. Bó bá tutù jù, ẹ ó máa fi ọwọ́ méjèèjì ra ife. Bó bá ṣe déédéé, ẹ ó gbàgbé ohun tí ẹ ń sọ."

Òyìnbó àgbà la ẹnu láti fèsì. Ó wá rí i pé òun ti gbàgbé ohun tí òun fẹ́ sọ.

"Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé kó gbóná tó yàrá," Òyìnbó Gígùn wí, ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

"Bàtúrè, ẹni tó kọ ìwé náà," Hàrúnà bi í, "ṣé yàrá Ìlọrin ló jókòó sí nígbà tó ń kọ ọ́?"

Òyìnbó àgbà rẹ́rìn-ín títí aṣọ tó tẹ́ sórí itan fi já bọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́, ó ti béèrè ìwé afárá, ó sì ti fọwọ́ sí i. Títí Hàrúnà fi kú, bó bá ń gba orí afárá yẹn kọjá pẹ̀lú àlejò, ó máa ń dúró láàárín rẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ lù ú. "Èmi ni mo ṣe é," ni yóò wí. "Òyìnbó kàn bá mi to òkúta rẹ̀ ni."

Ṣùgbọ́n Hàrúnà kò bá ọgbọ́n yìí wáyé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé ilé Òyìnbó Gígùn, ó rí i pé tíì gbígbóná ni òyìnbó ń mu láàárọ̀, omi gbígbóná ló fi ń wẹ̀, ọbẹ̀ gbígbóná ló ń lá. Ó rò ó pé ọtí pupa náà yóò fẹ́ iná. Ó bá gbé igò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò Láníyọnu, ó lọ kírun. Nígbà tí igò gbóná dójú àmì, ìdérí rẹ̀ fò jáde pẹ̀lú ariwo bí ìbọn, ó lu ìsàlẹ̀ ìkòkò, ọtí sì fọ́n ká ara ògiri. Láníyọnu, tó ti máa ń sọ pé kò sí ogun tó lè ba ọmọ Ẹ̀gbá lẹ́rù, abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti fà á jáde.

Ọjọ́ yẹn ni Hàrúnà pinnu pé òun yóò mọ ìdí òtútù. Kò lọ jìnnà. Binta ìyàwó rẹ̀ wá láti ìdílé amọ̀kòkò ní Òkè-Lélé, àmù ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó bi í léèrè nílé.

"Ìyá Hadiza, kí ló dé tí omi inú àmù ìyá rẹ fi ń tutù ju ti gbogbo àdúgbò lọ?"

"Àmù tí kò pé ni," Binta wí. "Èyí tí à ń tà, bó bá ti tinú iná jáde la máa ń wọ́n omi èèpo irúgbá sí i lára, kó má baà jò. Èyí tó wà nílé ìyá mi, òjò ká wa mọ́ ibi tí a ti ń sun ún, a kò rí i wọ́n. Ó ń làágùn láti ọjọ́ yẹn. Ohun tó bá ń làágùn ló ń tutù. Ẹ̀yin náà kò rí i lára yín ni, Bàbá Hadiza?"

Hàrúnà bẹ̀ ẹ́ pé kó mọ àmù kan fún òun, ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀ débi tí igò mẹ́ta yóò wọ̀, kó má sì wọ́n nǹkan kan sí i lára. Àwọn ẹ̀gbọ́n Binta fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ní gbogbo ìlú ń bẹ amọ̀kòkò pé kí àmù òun má jò, ọkọ àbúrò tiwọn nìkan ló ń bẹ̀ pé kó jò. Nígbà tó rù ú kọjá ní Ọjà-Ọba pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi dán an wò, Garba tó ń ta iyọ̀ ké sí i.

"Hàrúnà, àmù orí rẹ ń jò."

"Mo mọ̀," Hàrúnà wí láì dúró. "Èyí tí kò jò, n kò rí i rà."

Láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn igò. Ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó, ó ní àtẹ́lẹwọ́ òun ti le jù, àtìgbà tí òun ti ń ru ẹrù ní ìdíkọ̀ reluwé. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wò ó, ó ní ìgbọ̀nwọ́ a máa purọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni kì í tan èèyàn jẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sì ni, nítorí ó ní ọ̀tún ni òun fi ń sùn.

Ìgbà ọyẹ́ ló wá fẹ́ dójú tì í. Láàárọ̀ ọyẹ́, igò á tutù bí òkúta inú odò, àmù kò sì lè mú nǹkan gbóná. Iná ńkọ́? Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní í gbé igò súnmọ́ iná mọ́ láyé òun. Ohun tó ṣe ni pé ó gba ọ̀já ọmọ lọ́wọ́ Binta, ó fi aṣọ wé igò, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó wọ ẹ̀wù gbérí lé e, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ooru ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sàba lé igò náà bí adìyẹ ṣe ń sàba lé ẹyin, tó bá sì fi di ọ̀sán, ó ti ṣe déédéé. Ọjọ́ kan ló gbàgbé, ó gba ọjà lọ ra ẹran pẹ̀lú gegele lẹ́yìn. Jummai, obìnrin kan tó ń ta wàrà, wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ọkùnrin yìí, ọmọ ta lo pọ̀n?"

Hàrúnà fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ó rántí. Kò jẹ́ kí ojú òun yí padà. "Ọmọ òyìnbó ni," ó ní. "Onísùúrù ọmọ ni, kì í sunkún. Ọ̀sán yìí ni wọn yóò gbà á lọ́wọ́ mi."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn kí òyìnbó àgbà tó dé. Àmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ìlú ń gbọ́. Òyìnbó àgbà ránṣẹ́ sí i pé kó bá òun lọ sí òkè Ọya, òun yóò fi í ṣe olórí gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ nílé òun, yóò ní ilé tirẹ̀ àti ẹṣin. Hàrúnà kò tíì dá a lóhùn nígbà tí Àáfà Sulaiman wọlé tọ̀ ọ́ wá. Àáfà yìí ló kọ́ ọ ní Kùránì láti kékeré, òun náà ló so yìgì Hàrúnà àti Binta.

"Hàrúnà," Àáfà wí nígbà tó jókòó, "wọ́n sọ fún mi ní mọ́sálásí pé o mọ ọtí ju àwọn tó ń mu ún lọ."

"Wọ́n purọ́ mọ́ mi, Àáfà. Òtútù ni mo mọ̀."

"Òtútù kí ni?"

Hàrúnà ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀.

"Ẹni tó mu ún àti ẹni tó gbé e fún un, o mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ dá. Èmi ni mo kọ́ ọ. Wọ́n tún ní wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ síbi tí o ó ti máa gbé e fún ọgọ́rùn-ún èèyàn."

Hàrúnà mọ̀. Láti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti mọ̀. Binta sọ lẹ́yìn náà pé òun a máa gbọ́ bí ó ṣe ń tọrọ àforíjì lórí ìrun, pé ó máa ń pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Hàrúnà gbé ojú sókè wo Àáfà, omi sì ti wà níbẹ̀.

"N óò fi í sílẹ̀, Àáfà. Ṣùgbọ́n Allah ló fún mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí. Bí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ni kí n máa fi í ṣe?"

Àáfà Sulaiman fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́, nítorí pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Binta bu omi láti inú àmù tó ń làágùn, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Àáfà mu ún, ó dúró, ó wo inú igbá, ó tún mu ún. Hàrúnà kò mú ojú kúrò lójú rẹ̀.

"Kí ni mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan?" Àáfà wí.

"Ẹ ń bá mi wí ni, Àáfà."

"Mo ti bá ọ wí tán. Binta, ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ǹjẹ́ o lè mọ irú àmù yìí mẹ́wàá fún mọ́sálásí?"

Báyìí ni Hàrúnà ṣe kọ ẹṣin àti ilé òkè Ọya sílẹ̀. Òyìnbó Gígùn bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní í lọ láì fi iṣẹ́ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Láníyọnu ló kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Láníyọnu fi gbé igò lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Irùngbọ̀n rẹ ni," Hàrúnà wí. "Igò ń sọ̀rọ̀, o fi igbó dí i létí."

Irùngbọ̀n náà ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún. Láníyọnu lọ fá a, igò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó dé ilé, Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní ọkọ òun kò sí nílé, kí àlejò padà wá tó bá dé.

Ààwẹ̀ ọdún yẹn, oòrùn mú bí iná. Àmù mẹ́wàá dúró lórí yanrìn tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, wọ́n ń làágùn. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó pe mọ̀gàríbì, Hàrúnà a gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì sọ fún àwọn tó ń ṣínu pé, "Ẹ mu ìkẹta àti ìkeje. Ìkarùn-ún kò tíì ṣe." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Pàkàtà, wọ́n ń wá láti Adéta. Wọ́n ní omi yìí kì í ta èèyàn léyín, kì í sì í gbóná lọ́fun, bó bá ti wọnú ni àárẹ̀ ọjọ́ náà ń lọ. Kí ààwẹ̀ tó parí, gbogbo ilé ló ń fẹ́ àmù Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Binta tó fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn náà da omi èèpo irúgbá wọn nù. Garba oníyọ̀ ra méjì, ó sì bínú padà wá pé ọ̀kan kò jò dáadáa.

Bí Hàrúnà ṣe ń dàgbà ni ìtàn rẹ̀ náà ń dàgbà. Nígbà tí irun rẹ̀ fi funfun, òyìnbó àgbà kò rẹ́rìn-ín lásán mọ́ nínú rẹ̀, ńṣe ló dìde lórí àga, ó sì dọ̀bálẹ̀. Binta yóò ké láti inú yàrá pé, "Bàbá Hadiza, ẹ̀rín lẹ ní ó rín lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ̀rín náà ló rín dórí ìdọ̀bálẹ̀," ni Hàrúnà yóò wí, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ.

Ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tó ti kírun tán, láì ṣe àìsàn tó ju ọjọ́ méjì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, agbo ilé kún fún àwọn tó wá ṣàdúrà. Láníyọnu wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, irùngbọ̀n kò sí lẹ́nu rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Òun ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìdérí igò tó fò bí ìbọn, ó sì jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé òun wọ abẹ́ tábìlì. Ẹlòmíràn sọ ti ọmọ òyìnbó tí kì í sunkún. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Binta náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó ń fi ìbòrí nu ojú. Igbá ẹ̀kọ mímu kan wà níwájú rẹ̀ tí kò tíì mu.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, òun ló ń bu ẹ̀kọ mi láàárọ̀. Bó bá ti ti ìrun àsùbáà dé, á máa dà á láti inú igbá kan sínú èkejì, á tó pè mí. Mo máa ń sọ fún un pé èmi kì í ṣe òyìnbó. Láàárọ̀ yìí mo bù ú fúnra mi, mo gbé e sẹ́nu, ó jó mi láhọ́n. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀."

Láníyọnu tẹjú mọ́ ilẹ̀. Hadiza, ọmọ wọn, dìde láàárín àwọn obìnrin, ó wá igbá òfìfo kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀kọ náà láti inú ọ̀kan sínú èkejì, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo agbo sì ń dúró dè é.